Ìròyìn VIH Lórí Fóònù: Ẹ Jẹ́ Kí A Kà Á Dé Ìsàlẹ̀

Mo mọ̀ pé ó ti rẹ àwọn mìíràn nínú yín. N ò ní pẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n n ò ní sáré pẹ̀lú, nítorí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ kíláàsì yìí, orúkọ ara wa ni a kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń kọ. Lẹ́yìn náà a kọ́ bí a ṣe ń ka òṣùwọ̀n owú àti iye sẹ́fà tí ó kàn wá. Nísinsìnyí, púpọ̀ nínú yín ti ń ka ohun tí ó wà lórí fóònù. Ó dára, inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ń kà lórí fóònù, ẹ̀yin nìkan ni ẹ ń kà á. Kò sí ẹni tí ó jókòó tì yín láti sọ pé, "Ẹ dúró ná, ẹ tún ìlà yẹn kà." Ìdí nìyẹn tí mo fi mú irú ìròyìn kan wá síwájú yín lónìí. Ìròyìn VIH ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àwọn lẹ́tà tí mo kọ sójú pátákó: V, I, H. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sára ògiri ilé ìwòsàn ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́ àti ní Atakpamé ní ilẹ̀ Togo, nítorí èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Bí ìròyìn bá ti Nàìjíríà wá, H, I, V ni ẹ ó rí níbẹ̀. Nǹkan kan náà ni. Lẹ́tà nìkan ni ó pa ipò dà. Bákan náà, ohun tí a ń pè ní Sídà ní ọ̀dọ̀ wa, Éèdì ni àwọn ará Nàìjíríà ń pè é. Ẹnìkan lè ka méjèèjì kí ó rò pé àrùn méjì ni.

VIH ni orúkọ kòkòrò náà. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Ó ń gbógun ti àwọn ọmọ ogun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, àwọn tí ń bá wa lé àrùn. Bí a kò bá tọ́jú ẹni tí ó ní in, àwọn ọmọ ogun yẹn yóò máa tán díẹ̀díẹ̀, títí tí àìsàn kékeré yóò fi lè dá a dùbúlẹ̀. Ìgbà yẹn ni a ń sọ pé ó ní Sídà. Nítorí náà ènìyàn lè ní VIH fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó má sì ní Sídà, bí ó bá ń lo oògùn rẹ̀. Oníròyìn tí ó bá kọ ọ́ pé "àwọn alárùn Sídà" nígbà tí ó jẹ́ àwọn tí ó ní VIH ni ó ń sọ, ó ti da ọ̀rọ̀ rú láti ìlà àkọ́kọ́.

Bí ó ṣe ń ran ènìyàn, ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn nọ́ọ̀sì: ìbálòpọ̀, ẹ̀jẹ̀, abẹ́rẹ́ tàbí abẹ tí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ṣì wà lára rẹ̀, láti ara ìyá sí ọmọ nínú oyún, nígbà ìbímọ, tàbí nínú ọmú. Jíjẹun nínú àwo kan náà kò ní í ràn án. Ẹ̀fọn kò ní í ràn án. Mo fò ó kọjá nítorí ẹ mọ̀ ọ́n.

Ohun tí n kò fẹ́ fò kọjá ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ oníròyìn Yorùbá sọ àrùn yìí. A ń gbọ́ rédíò tí ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀ láti òdìkejì ààlà. Láti ọdún 2018 BBC pàápàá ti ń kọ ìròyìn ní Yorùbá sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹ lè kà á lórí Facebook. Ó dára kí a máa rí èdè wa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ óò rí i pé nínú ìròyìn Yorùbá, lórí rédíò, nínú ìwé àti lórí fóònù, "àrùn kògbóògùn" ni ọ̀pọ̀ ń pè é. Ẹ jẹ́ kí a tú orúkọ náà bí a ti ń tú ọ̀rọ̀ gígùn: kò, gbọ́, oògùn. Àrùn tí kò gbọ́ oògùn.

Nígbà àkọ́kọ́, orúkọ yẹn jọ òótọ́. Ní ọdún 1981 ni àwọn dókítà Amẹ́ríkà kọ́kọ́ kọ̀wé nípa àìsàn náà. Ní ọdún 1983 ni àwọn onímọ̀ ní Institut Pasteur ní Paris rí kòkòrò tí ń fa á. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn, kò sí oògùn kan tí ó lè dá a dúró pẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1996 ni wọ́n ti rí i pé bí a bá da oríṣi oògùn mẹ́ta pọ̀, kòkòrò náà kò ní lè bí sí i mọ́. Lónìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń lo hóró kan ṣoṣo lójúmọ́, tí oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Benin àti ní Togo, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fúnni ní oògùn náà ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ẹni tí ó bá ń lò ó láìfo ọjọ́ kan, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò dínkù tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò kò ní lè kà á mọ́. Bí ó bá wà bẹ́ẹ̀, kò ní í fi ìbálòpọ̀ ran ọkọ tàbí aya rẹ̀. Obìnrin tí ó bá ń lò ó nínú oyún lè bí ọmọ tí kò ní VIH rárá.

Ó ń gbọ́ oògùn, ẹ ò rí i? Ohun tí kò tíì ṣeé ṣe ni kí hóró oògùn lé e jáde pátápátá. Ẹ̀jẹ̀ ríru náà, oògùn kì í lé e jáde pátápátá, síbẹ̀ a kò pè é ní kògbóògùn. Bàbá tí ó ní in ń mu oògùn rẹ̀ láràárọ̀, ó sì ń lọ sóko.

Ẹ wá ro ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, tí wọ́n sọ fún un pé ó ní VIH. Ó délé, kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ṣí fóònù rẹ̀ ní òru. Ọ̀rọ̀ tí ó bá pàdé níbẹ̀ ni "kògbóògùn". Kí ni yóò tún fẹ́ lọ gba oògùn fún? Ní tèmi o, ó yẹ kí àwọn oníròyìn wa fi orúkọ yẹn sílẹ̀. Kí wọ́n kọ VIH, tàbí kí wọ́n kọ HIV bí wọ́n bá fẹ́. A ó kọ́ bí a ṣe ń kà á.

Ó yá, báwo ni ìròyìn ṣe ń dé orí Facebook? Oníròyìn kan kọ ọ̀rọ̀ tí ó kún ojú ìwé méjì. Ojú ìwé méjì kò lè hàn lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà wọ́n fa ìlà kan yọ, wọ́n fi àwòrán kan tì í. Ìlà yẹn ni à ń pè ní àkọlé. Bí ẹ bá fi ìka tẹ àkọlé náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù yóò tó ṣí. Ilé iṣẹ́ ìròyìn sì ń ka iye àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́, nítorí pé iye yẹn ni àwọn onípolówó ń wò kí wọ́n tó sanwó. Ẹ ti rí i báyìí pé àkọlé jọ igbe ọlọ́jà. Ìyá alákàrà ń kígbe pé, "Ó gbóná o!" Ẹ kì í bá a jà pé ó ti ń tutù láti àárọ̀. Ẹ ń fọwọ́ kàn án kí ẹ tó rà á ni.

N kò sọ pé òpùrọ́ ni àwọn oníròyìn. Lọ́pọ̀ ìgbà, òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ. Ṣùgbọ́n ìlà kẹwàá tàbí ìlà ogún ni ó wà, owó íntánẹ́ẹ̀tì wa sì ti tán ní ibi àkọlé. Àkọlé yẹn nìkan ni a óò fi ránṣẹ́ sí ẹbí wa lórí WhatsApp. Ẹbí wa yóò fi ohùn sọ ọ́ fún ẹlòmíràn, pẹ̀lú àfikún tirẹ̀. Bí ilẹ̀ bá fi máa ṣú, ó ti di ohùn tí kò ní olóhùn.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìròyìn tòótọ́ kan yẹ̀ wò. Ó jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2024. Oògùn kan wà tí ń jẹ́ lenacapavir. Orúkọ náà gùn, ẹ má jẹ́ kí ó dẹ́rù bà yín. A ó pín in: le, na, ca, pa, vir. Wọ́n dán an wò ní Gúúsù Áfíríkà àti ní Ùgáńdà lára àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí kò ní VIH. Àwọn 2,134 ni wọ́n fún ní abẹ́rẹ́ náà, ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹyọ ẹnìkan tí ó kó VIH. Wọ́n fún àwọn 1,068 mìíràn ní hóró oògùn ìdènà ti tẹ́lẹ̀, kí wọ́n máa lò ó lójoojúmọ́. Àwọn 16 nínú wọn kó VIH, nítorí ọ̀pọ̀ wọn kò lè máa lo hóró náà lójoojúmọ́ bí ó ti yẹ. Ẹ mọ̀ pé kò rọrùn fún ọmọbìnrin láti máa fi oògùn pamọ́ sínú ilé tí gbogbo ènìyàn ti ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Ìròyìn ayọ̀ ni èyí. Ṣùgbọ́n báwo ni ó ṣe dé orí fóònù? Àwọn àkọlé kan sọ pé abẹ́rẹ́ ti ṣẹ́gun VIH ní ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn kan pè é ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, bí èyí tí wọ́n ń gún fún àwọn ọmọ ọwọ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ń kọ́ ara bí yóò ṣe bá àrùn jà fúnra rẹ̀. Lenacapavir kò kọ́ ara ní nǹkan kan. Oògùn ni, ó ń ṣọ́nà fún oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn náà ó ń tán. Ẹni tí kò bá padà lọ gba òmíràn, ilẹ̀kùn rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀.

Ìyá kan bi mí lọ́jà pé, "Ọmọ mi, wọ́n ní abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ti dé o. Ṣé ẹni tí ó ń lo hóró lójoojúmọ́ lè dá tirẹ̀ dúró báyìí, kí ó máa retí abẹ́rẹ́?" N kò bi í pé ta ni ó ń lo hóró. Kò yẹ kí n bi í. Mo sọ fún un pé rárá, Màmá, kí ẹni náà má dán an wò. Àwọn tí kò ní kòkòrò náà ni wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ yẹn, kí wọ́n má baà kó o. Ẹni tí ó ti ní in, hóró ojoojúmọ́ rẹ̀ ni ó so kòkòrò náà mọ́lẹ̀. Bí ó bá tú okùn náà, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kòkòrò náà yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i. Ó lè gbọ́n ju oògùn àtijọ́ lọ pàápàá, kí oògùn náà má ràn án mọ́. Màmá náà mí kanlẹ̀, ó ní, "Èmi ni ó dára pé mo bèèrè." Ẹ wò ó, àkọlé kan péré ni ó fẹ́ gba oògùn lọ́wọ́ ẹnìkan.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2025 ni Amẹ́ríkà fi àṣẹ sí abẹ́rẹ́ náà fún ìdènà. Ní oṣù keje ọdún náà, àjọ ìlera àgbáyé, OMS, gba àwọn orílẹ̀-èdè nímọ̀ràn láti lò ó. Bí ẹ bá ka "wọ́n ti fi àṣẹ sí i", ẹ bèèrè pé níbo. Àṣẹ ní Amẹ́ríkà kò sọ pé ó ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù nọ́ọ̀sì wa.

Ìròyìn mìíràn tún wà tí ọjọ́ rẹ̀ ṣe pàtàkì ju ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2013, àwọn dókítà Amẹ́ríkà sọ ti ọmọ kan tí wọ́n bí ní Mississippi. Ìyá rẹ̀ ní VIH. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ náà ní oògùn nígbà tí kò tíì pé ọjọ́ méjì láyé. Lẹ́yìn bí ọdún kan ààbọ̀, oògùn náà dáwọ́ dúró. Nígbà tí wọ́n tún yẹ ọmọ náà wò, wọn kò rí kòkòrò. Àwọn oníròyìn kọ ọ́ káàkiri ayé pé ara ọmọ náà ti dá. Ṣùgbọ́n ní oṣù keje ọdún 2014, àwọn dókítà náà sọ pé kòkòrò náà ti padà, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ẹni tí ó bá ka ti 2013 tí kò ka ti 2014, irọ́ ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó kọ ọ́ kò parọ́. Ìròyìn àtijọ́ kì í kú lórí fóònù. Ẹnìkan lè fi ti ọdún kẹwàá ránṣẹ́ sí yín láàárọ̀ yìí, kí ó dà bíi pé àná ni ó ṣẹlẹ̀. Ẹ wá ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Ẹ ti mọ nọ́ńbà kà.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Ṣebí àwọn kan ti rí ìwòsàn?" Òótọ́ ni, wọn kò pọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ni Timothy Ray Brown, ará Amẹ́ríkà tí wọ́n tọ́jú ní Berlin ní Jámánì. Ó ní àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú VIH. Ní ọdún 2007 àti 2008, wọ́n mú mùdùnmúdùn inú egungun ẹlòmíràn, wọ́n fi sí i lára. Ẹni tí wọ́n gbà á lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í gba VIH láyè. Iṣẹ́ náà léwu, ó lè pa ènìyàn, nítorí jẹjẹrẹ ni wọ́n sì ṣe ṣe é. Kò sí dókítà tí yóò ṣe é fún ẹni tí hóró kan lójúmọ́ tó fún. Bí àkọlé bá sọ pé "Wọ́n ti wo ẹnìkan sàn", ẹ kà á dé ibi tí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe wò ó.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ àwọn ẹni ńlá. Ní oṣù kìíní ọdún 2007, Yahya Jammeh, ẹni tí ó jẹ́ ààrẹ ilẹ̀ Gámbíà nígbà náà, sọ pé òun ti rí ewé tí ń wo Sídà sàn. Tẹlifíṣọ̀n ìjọba rẹ̀ ń fi àwọn aláìsàn hàn bí ó ti ń fi ewé pa wọ́n lára. Wọ́n ní kí wọ́n fi oògùn dókítà sílẹ̀. Gbogbo ìlú rí ojú wọn. Àwọn kan nínú wọn kú. Lẹ́yìn tí ó kúrò lórí oyè ní ọdún 2017, mẹ́ta nínú àwọn tí ó là á já gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ ní ọdún 2018. N kò bú ewé o. Ẹ̀yin bàbá wa mọ̀ ju èmi lọ nípa ewé. Àwọn tí n ń bá wí ni àwọn tí ó di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú, tí wọn kò bi dókítà kan léèrè pé ṣé wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn yìí wò. Nígbà náà ó gba tẹlifíṣọ̀n kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tó tàn. Lónìí fóònù kan tó. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ju oògùn rẹ̀ nù kò ní ogún ọdún láti dúró.

Ọ̀rọ̀ àwòrán. Bí ìròyìn bá jẹ mọ́ VIH, ẹ sábà máa ń rí àwòrán ẹni tí ó gbẹ bí igi, tí ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní. Ta ni ẹni náà? Ṣé ó gbà kí a fi òun hàn? Nígbà mìíràn àwòrán ọdún pípẹ́ ni, láti ìlú mìíràn. Ohun tí ó ń ṣe fún wa ni pé a máa ń rò pé a lè fi ojú mọ ẹni tí ó ní VIH. Ẹni tí ó bá ń lo oògùn rẹ̀, ara rẹ̀ lè dán ju tèmi lọ. Ẹni tí ó ní in tí kò mọ̀ náà, ara rẹ̀ lè dán. Ẹ̀jẹ̀ tí a yẹ̀ wò nìkan ni ó lè sọ.

Bí ẹnìkan bá kọ orúkọ aládùúgbò sórí WhatsApp pé ó ní VIH, ìyẹn kúrò ní ìròyìn. Òfin wà lórí VIH ní ilẹ̀ Benin láti ọdún 2006, Togo náà ní tirẹ̀. Àṣírí àyẹ̀wò ẹni, tirẹ̀ ni. Kò yẹ kí nọ́ọ̀sì sọ ọ́, kò yẹ kí olóyè sọ ọ́, kò sì yẹ kí àwa fi ìka wa tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Bí ó bá dé orí fóònù yín, ẹ pa á rẹ́ níbẹ̀. Ọjà ìlú wa kéré. Obìnrin tí wọ́n bá dá orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, ta ni yóò ra gàrí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì?

Kí ni kí a wá ṣe sí ìròyìn tí ó bá dé? Ẹ wo ẹni tí ó kọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ ohùn lásán tí kò dárúkọ ara rẹ̀, ẹ má fi ránṣẹ́. Bí ilé iṣẹ́ ìròyìn ni, ẹ tẹ àkọlé náà kí ẹ ka inú rẹ̀. Bí owó íntánẹ́ẹ̀tì kò bá tó fún ẹnìkan, ẹni márùn-ún lè kà á lórí fóònù kan, ohun tí a ń ṣe nínú kíláàsì yìí náà nìyẹn. Bí ọ̀rọ̀ náà bá kan oògùn tí ènìyàn ń mu, ẹ gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì kí ẹ tó fi hóró kan sílẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì tí ń bọ̀, kí ẹni tí ó ní fóònù mú un wá, kí ó sì ti fi iná sí i láti ilé. Mo ti tọ́jú ìròyìn méjì pamọ́: ọ̀kan lórí abẹ́rẹ́ tí a sọ yìí, ọ̀kan tí kò ní ọjọ́, tí kò ní orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́. A ó ka àkọlé wọn ná, kí olúkúlùkù kọ ohun tí ó gbà pé ó wà nínú rẹ̀ sínú ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó tẹ̀ wọ́n. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn wa ti ṣèlérí pé òun yóò wá jókòó tì wá, nítorí náà ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí a mọ̀ pé òun ló bèèrè, kí ó má kọ orúkọ sí i. Kí ó ká bébà náà, kí ó fi sínú agolo tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà.